Ìka Irin ní Àkókò Kajú

Ajé, 10 oṣù kejì 2025. Bantè

Houda, ọmọ àbúrò mi tí mo tọ́ dàgbà, dé láti Cotonou lánàá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti àpótí kan tó fi aṣọ wé bí ẹni wé ẹyin. Ó ní kí n ra káyé kan, kí n máa kọ ohun tí a bá ṣe àti ọjọ́ tí a ṣe é, nítorí ọwọ́ òun kò ní ráyè. Mo ní káyé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ohun èlò alùpùpù wà ńlẹ̀. Ó ní rárá, ti èyí gbọ́dọ̀ dá wà. Káyé olójú ewé igba, mo rà á ní 500. Faransé mi dúró sí CM2, kíláàsì ìkẹyìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà èdè wa ni mo máa fi kọ ọ́.

Òrùka ọ̀rá mẹ́rìnlá ló wà nínú àpótí náà, wọn kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ihò mẹ́rin-mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó tò wọ́n lé ara wọn bí eegun ẹ̀yìn, a ó fi fọ́nrán mẹ́rin gba inú ihò wọn. Bí a bá fa fọ́nrán apá òsì, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ sí òsì bí ìka ọwọ́. Nílé ìwòsàn ńlá, róbò, ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́, ni yóò máa fà á. Wọ́n á dá ihò kékeré kan sí ikùn aláìsàn, ìka náà á gba ibẹ̀ wọlé, á yí gba ẹ̀gbẹ́ ìfun, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á jáde. Wọn kò ní máa la ènìyàn bí ẹni la ìbẹ́pẹ mọ́.

Èmi, wọ́n là mí, láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Houda nígbà náà, òun ló ń fọ ojú ọgbẹ́ náà láàárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé. Bí ooru bá mú báyìí, àpá náà ṣì ń yún mi.

Àlàmísì, 13

Mo ní kó jókòó, kó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, kí n mọ ohun tí mò ń náwó sí. Ó jókòó.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, ní Cotonou. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni yóò gbé ìka tiwọn wá síwájú àwọn àgbà onímọ̀ tó ń ṣèdájọ́ ìdíje náà. Ọ̀kan péré ni wọ́n máa mú. Ẹni tí wọ́n bá mú á lọ ṣe é ní Rabat fún ọdún méjì, níbi tí irinṣẹ́ gidi wà. Ìka náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ó gbọ́dọ̀ gbé igba gíráàmù. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, kó sì máa padà sí ojú ibi tó ti kúrò láì yẹ̀. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Houda máa pé e ní oṣù keje. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń gbìyànjú.

"Àwọn méjì tí ẹ jọ ń ṣe é ńkọ́?"

"Ọ̀kan ti ríṣẹ́ ní Abidjan. Ìkejì gbéyàwó, ó ń ta fóònù."

"Bí wọn kò bá wá mú ọ?"

"Tàǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é."

Mo mọ ìdáhùn náà. Ilé ìwé kan ní Pira ń wá olùkọ́ ìṣirò. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀, ó ti kọ orúkọ sí i. Iṣẹ́ olùkọ́ kò burú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ká fọ́ọ̀mù náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ, mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí òun fúnra òun rí i.

Àtàláátà, 18

Òrùka ọ̀rá mẹ́ta là lónìí. Okùn ìpẹja tó fi gba inú wọn sì ń nà bí ìfun adìẹ. Houda wo ògiri ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí mo so okùn ìjánu alùpùpù kọ́ sí, ó wò ó títí.

"Tàǹtí, kí ló wà nínú ìyẹn?"

Mo tú ọ̀kan fún un. Fọ́nrán mọ́kàndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín bí irun ìrù ẹṣin. 1,500 ni mò ń ta okùn náà. Mo rà á lọ́wọ́ ara mi ní iye tí mo gbà á lọ́jà.

Kajú ti ń wọlé, kílò kan 400. Àkókò yìí ni àwọn zémì, àwọn ọlọ́kadà wa, ń di àpò mẹ́ta lé alùpùpù kan, tí okùn ìjánu ń já ní gbogbo òkè Bobè. Oṣù méjì yìí ni mo fi ń jẹun ní oṣù mẹ́wàá tó kù. Èmi sì rèé, mo jókòó, mò ń tú okùn tuntun.

Jímọ̀, 21. Savalou

A lọ bá Ẹ̀gbọ́n Soulé, alágbẹ̀dẹ wúrà, kó fi idẹ ṣe òrùka náà. Takísí lọ-bọ̀ fún ẹni méjì, 6,000.

Ó fi awò rẹ̀ wo òrùka ọ̀rá kan, ó rẹ́rìn-ín. "Rafiatou, òrùka mẹ́rìnlá. Ọkọ mélòó lo fẹ́ fẹ́?"

"Ìfun ló fẹ́ wọ̀ ọ́."

"Ìfun ta?"

"Tiyín, bí ẹ bá gbówó lórí mi."

Houda bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Nígbà tó parí, Soulé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ihò mẹ́rin lára nǹkan tó kéré báyìí, bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló yẹ̀. Ó ní 1,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní 500. A parí rẹ̀ sí 700, ó sì ní òun kò ní ṣe é lójú àwọn oníbàárà òun, kí wọ́n má baà rò pé ọjà ti kú lọ́wọ́ òun.

Àlàmísì, 27

Òrùka idẹ dé láàárọ̀. Ó dára ju bí mo ṣe rò lọ. Houda fi fọ́nrán irin gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí a tó kà á dé ọgọ́rùn-ún, ìka náà ti rọ̀, ó ń rọ̀ dirodiro bí ìrù ajá aláìsàn.

Ó lọ bá kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ń ṣírò láti ìrọ̀lẹ́. Mo dúró tì í, mi ò gbọ́ kankan nínú rẹ̀, mo wá ní, "Kí lò ń wá?"

"Ibi tí okùn náà ti ń gùn sí i."

"Okùn tuntun ni. Òpùrọ́ ni okùn tuntun. Ọjọ́ tó o bá so ó mọ́ alùpùpù, á le bí egungun. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ìjánu kò mú mọ́, wọ́n á wá bá mi jà."

"Kí lẹ wá ń ṣe sí i?"

"Igi máńgò ni mò ń so ó kọ́. Mo máa so bíríkì mọ́ ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Á na irọ́ tó ní gbogbo tán níbẹ̀, ká tó tà á."

Ó wò mí, ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Sátidé, 1 oṣù kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òòrùn náà bẹ̀rẹ̀. Fọ́nrán mẹ́jọ wà lórí igi máńgò, ìdajì bíríkì ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abdoul, zémì tó ń ná ọ̀nà Pira, dúró wò ó. "Ìyá, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àwọn bíríkì yìí ṣẹ̀ tí ẹ fi so wọ́n kọ́?" Mo ní wọ́n jẹ sààrì lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́.

Àtàláátà, 4

Mo sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìbú ìka méjì gùn sí i. Mo nù wọ́n, mo tọ́jú wọn bí mo ṣe ń tọ́jú gbogbo okùn tó bá ń kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo kó wọn fún Houda.

Epo alùpùpù, lítà kan 650. Omi kànga ti ń rùn.

Sátidé, 8

Ẹgbẹ̀rún ìgbà.

Houda ń fà á, èmi ń kà á. Bí mo bá dé ogójì, mo máa ń ṣìṣe, ààwẹ̀ ń wọ̀ mí lójú. Mo wá mú tẹ̀sùbáà mi. Tí ìka náà bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tari ẹyọ kan. Yíyí mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún kan pé. Mo bẹ Ọlọ́run kó má ṣe bínú sí mi, pé iṣẹ́ ni, n kò fi ṣeré. Houda ti fa ìlà kan sórí ìwé níbi tí ṣóńṣó ìka náà wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a parí, orí ìlà náà ló wà. Kò yẹ̀ tó ìbú èékánná.

Ẹnu wa ti gbẹ jù. A jókòó wò ó títí tí wọ́n fi pe ìrun.

Àlàrùbá, 12

Ooru. N kò ta nǹkankan ju púlọ́ọ̀gì méjì lọ. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí, àwọn zémì ti ń lọ ra okùn lọ́dọ̀ ará Tchetti tó wá pàtẹ sí ìdí páàkì.

Àlàrùbá, 19. Savalou

Ó bàjẹ́.

Dókítà Abdias gbà wá láàyè wákàtí kan nínú yàrá iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ kí aláìsàn tó dé. Houda kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà kan. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. A gbé abọ́ ńlá kan lọ, a fi rọ́bà inú táyà bò ó lójú, ìyẹn ni ikùn. A dá ihò kan sí i. Ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀, 1,500. Lẹ́yìn ẹ̀dọ̀ náà, Houda fi òrùka kékeré kan pamọ́ síbẹ̀. Ìka gbọ́dọ̀ yí gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ kọjá, kó fi ìkọ́ orí rẹ̀ mú òrùka náà bọ̀ láì pa ẹ̀dọ̀ lára.

Àkọ́kọ́, ó mú un bọ̀. Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ká tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó pẹ́ díẹ̀. Kìlímà, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù, ń fẹ́ òtútù lé wa lórí, mo fi ìborùn mi wé apá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Houda fà á, kò lọ. Ó tún fà á, kò lọ. Ó fà á tagbára-tagbára, ó fò lójijì, ó sì gún ẹ̀dọ̀ náà já.

Dókítà fi ìka kan ojú ibi tó já. Ó rọra ní, "Ìyá, ẹni tó ni ẹ̀dọ̀ yìí ti kú."

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Houda ń kó nǹkan wa sínú àpótí. Dókítà ní ká padà wá lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀, kí Houda tó lọ sí Cotonou. Ó ní òun ti rí ohun tó wù òun níbẹ̀, àmọ́ òun kò lè jẹ́ kó kan ènìyàn.

Nínú takísí, Houda mú un jáde, ó fà á. Ó ń lọ geere bí ejò inú omi. Ó fi sínú àpótí padà, ó gbé orí lé fèrèsé títí a fi dé Bantè.

A fi ẹ̀dọ̀ náà ṣínu. N kò gbádùn rẹ̀.

Àlàmísì, 20

Houda ní ihò òrùka ló kéré jù, pé ó ń fún okùn lọ́rùn. Ó ń fi ayùn kékeré fẹ̀ wọ́n lójú. Ihò mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mo ní Soulé kò yẹ̀ níbì kankan. Ó ní, "Kí ló wá fà á, Tàǹtí? Ẹ sọ fún mi."

Jímọ̀, 21

Ó ṣì ń fẹ̀ ihò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó dán an wò níta, ó ń lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ dáadáa kó tó fẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ìyẹn gan-an ló ń pa á. Ohun tó bàjẹ́, o lè tún un ṣe. Èyí kò bàjẹ́ rárá níbi tó o ti lè rí i.

Fọ́ọ̀mù Pira wà lórí tábìlì láàárọ̀ yìí. Kò sí lábẹ́ aṣọ mọ́.

Àìkú, 23

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó pọ̀, ó fi atẹ́gùn wá, kò tíì dá. Ibi gbogbo tutù. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago méje pẹ̀lú súẹ́tà lọ́rùn. Abdoul ti ń dúró, okùn rẹ̀ já lánàá. Mo mú tuntun, mo na ọwọ́ sí agolo òrí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó mi, kí n fi pa okùn náà bí mo ṣe ń pa gbogbo okùn.

Òrí náà ti dì. Láti ọjọ́ tí ọyẹ́ ti lọ, bí omi ló ń dà nínú agolo náà. Láàárọ̀ yìí, ìka mi kò wọ inú rẹ̀.

Mo jókòó. Abdoul ní, "Ìyá, ara yín kò yá ni?" Mo ní kó lọ, kó padà wá. Ó ní àpò kajú òun ń dúró lọ́nà. Mo ní kó lọ.

Mo ṣí káyé yìí padà sẹ́yìn dé ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ tí mo sọ fọ́nrán kalẹ̀ lórí igi. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé mo tọ́jú wọn. N kò kọ òrí. N kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo rìn wọlé. Houda wà lórí ẹní pẹ̀lú ayùn rẹ̀. Mo gbé agolo náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Kò sí ohun tó dà.

"Òrí ni mo fi pa fọ́nrán rẹ. Ó ń yọ́ nínú ooru wa, ó ń dì nínú kìlímà Dókítà."

Ó wo agolo. Ó wò mí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo kó wọn fún ọ."

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fẹ̀ ihò, Tàǹtí. Ẹ jókòó tì mí. Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Ta ló ń sọ pé òun fi iyọ̀ sí ọbẹ̀?"

Ó dìde, ó jáde lọ sínú òjò. N kò tẹ̀ lé e. Mo mọ ọmọ mi. Nígbà tó wọlé padà, ó ti tutù dé ara, ó jókòó sí ibi tó ti dìde.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní.

Mo ti kọ ọ́.

Ajé, 24

A fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ òrí kúrò. Láìsí òrí, fọ́nrán ń ha idẹ, ó ń ké bí eku. Houda ní òróró kankan kò dára. Wọ́n á se irinṣẹ́ náà nínú oru omi gbígbóná ṣáájú iṣẹ́ abẹ, òróró á jáde lọ, tí kò bá jáde á lọ sínú aláìsàn. Ó ní ohun tí òun ń wá ni ohun tó ń yọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù.

Àtàláátà, 25

Ohun tó ń yọ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbé e sọ́kàn sùn, mo gbé e sọ́kàn jí.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo rántí bí mo ṣe bá zémì kan jà lọ́dún tó kọjá. Ó ra okùn olówó ńlá, èyí tó ní ọ̀pá ọ̀rá funfun nínú èèpo rẹ̀, ó sì fẹ́ kí n fi òrí sí i. Mo lé e. Mo ní èyí tó ní ọ̀rá funfun nínú kì í gba òrí, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á bàjẹ́. Ọ̀rá náà ti tó. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń fi ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Nígbà tó wá kan èmi fúnra mi, ọwọ́ mi sáré lọ sínú agolo.

Mẹ́ta ni mo ní nílé, 4,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń pa wọ́n mọ́ de àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá. Mo la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò ṣírò rẹ̀ kí n tó là wọ́n, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ọ̀pá ọ̀rá náà ti nípọn jù. Mo dá iná èédú, mo yọ́ ọ̀kan lókè iná díẹ̀, mo na án bí a ṣe ń na ọ̀rá tí a bá fẹ́ fi di ẹnu àpò. Ó já. Ìkejì já. Ìkẹta tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn mákàrónì, ihò rẹ̀ kò dí. Iná níwájú, òòrùn lẹ́yìn, ààwẹ̀ nínú. Mo gbàdúrà pé kí n má ṣubú lu èédú.

Jímọ̀, 28

A gé ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́, a ń tì í bọ inú ihò òrùka. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ihò tí Soulé dá, kò lè gbà á láéláé. Ihò tí Houda fi ọjọ́ mẹ́rin fẹ̀ lójú lásán ló gbà á.

Mo fi hàn án. Ó ní, "Ẹ má sọ nǹkankan, Tàǹtí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti Savalou.

Ajé, 31

Ọdún. Mo sùn.

Àlàrùbá, 2 oṣù kẹrin. Savalou

Kìlímà méjì ni mo ní kí Dókítà tàn. Ó ní ọ̀kan ló ní. Mo ní kó fi í sí òtútù ìkẹyìn rẹ̀.

A kọ́kọ́ fi ìka náà sílẹ̀ nínú òtútù fún wákàtí kan, ká tó fọwọ́ kàn án. Mo wọ súẹ́tà, mo wé gèlè lé e. Ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́, 1,500. Lẹ́yìn ọdún, ẹran ti gbówó lórí, mo bá alápatà jà kó tó gbà. Houda fà á. Ó yí gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ náà, ó mú òrùka bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Dókítà ní kí wọ́n fún òun. Ó fà á fúnra rẹ̀, ó pa ojú dé, ó tún mú un bọ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́," ó ní. "Nígbà tó kan ẹ̀dọ̀, mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́."

Lẹ́yìn náà a ka ẹgbẹ̀rún. Mo mú tẹ̀sùbáà jáde. Dókítà dúró tì mí, ó wo bí mo ṣe ń tari ẹyọ. Ní nǹkan bí ìdajì, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wọ bàtà, ó sì ń bá mi kà á ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Aláìsàn rẹ̀ ń dúró níta. Kò dìde títí a fi parí.

Orí ìlà ló wà.

Àìkú, 6

Òrùka keje ti là. Mo gun takísí lọ bá Soulé lónìí, èmi nìkan. Ó ṣe òmíràn lójú mi, ó fẹ̀ ihò rẹ̀ bí mo ṣe júwe. Mo na 700 sí i. Ó ní kí n gbé owó mi. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ìyàwó òun ń dúró de iṣẹ́ abẹ inú ní oṣù kẹfà, pé òun mọ̀ pé èyí kò ní yá tó fún tirẹ̀. Ó ní kí n ṣáà gbé owó mi.

Àlàrùbá, 9

Houda lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Bọ́ọ̀sì, 5,500. N kò bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ kajú ìkẹyìn rèé, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yìí pẹ̀lú, ẹ̀gúsí ni màá máa jẹ láìsí ẹran títí di oṣù kọkànlá. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ní, "Tàǹtí, ẹ gbàdúrà." Mo ní mo ti fi tẹ̀sùbáà mi ka irin tán, kó jẹ́ kí n wá ka ti Ọlọ́run.

Àlàmísì, 10

Ó pè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kìlímà mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà. Ìka ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lẹ́wà ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fọ́nrán wọn nà ní ìgbà ọ̀ọ́dúnrún. Tirẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún, ó yẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ìparí, kò pọ̀. Àgbà kan bi í pé kí ni nǹkan funfun inú ihò yìí. Ó ní inú okùn ìjánu alùpùpù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó mú un wá sí ìtòsí.

Wọn kò tíì sọ ẹni tí wọ́n mú.

Mo ta okùn mọ́kànlá lónìí. N kò fi òrí pa wọ́n dáadáa, fóònù ni mò ń wò.

Ajé, 14

Kò sí ìpè. Kajú ti wá sí 350, àwọn tó ń rà á ti ń di ẹrù wọn lọ.

Àtàláátà, 22

Wọ́n mú un.

Ó dé láàárọ̀ yìí láti sọ ọ́ fún mi lójú, kò fẹ́ kó jẹ́ lórí fóònù. Oṣù kẹsàn-án ló máa lọ. Mo dì í mú, egungun rẹ̀ hàn sí mi lọ́wọ́, mo ní kó lọ jẹun. Mo gbé fọ́ọ̀mù Pira fún un. Ó ya á sí méjì, ó fún mi padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní nǹkankan lára, mo fi sí ibi tí mo ti ń kọ risíìtì.

Nígbà tó jẹun tán, ó ní, "Tàǹtí, wọ́n fẹ́ káyé náà."

"Káyé wo?"

"Èyí tí ẹ ń kọ. Wọ́n ní kí a mú ìwé tó sọ ohun tí a ṣe lójoojúmọ́ àti ẹni tó ṣe é. Mo sọ fún wọn pé Yorùbá ni, wọ́n ní ẹnì kan á túmọ̀ rẹ̀."

Mo ronú nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìfun Soulé. Ará Tchetti. Àpá inú mi. Mo ní kó jẹ́ kí n ya ojú ewé ọjọ́ òjò kúrò, èyí tó ní òrí nínú, kí àwọn ará Rabat má baà mọ̀ pé èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́.

"Ojú ewé yẹn ni wọ́n ń wá," ó ní. "Àwọn tó kù, wọ́n lè rí irú wọn nínú ìwé. Ìyẹn ni kò sí nínú ìwé kankan."

Mo jókòó, mo kà á látìbẹ̀rẹ̀ dé ibí. N kò yọ nǹkankan. Mo fi kún ti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ní etí ìwé, pé: *òrí ni mo fi pa wọ́n.* Lẹ́yìn náà mo ka àwọn ojú ewé tí kò tíì ní nǹkan nínú lẹ́yìn. Mẹ́rìnléláàádọ́fà ni wọ́n. Mo rọra ya wọ́n kúrò, mo kó wọn sínú ṣọ́ọ̀bù láti fi kọ risíìtì. Rabat kò nílò wọn.